Họ́ọ̀nù ọkọ̀ oníná tó yadi: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra rílè

Ọkọ̀ akẹ́rù oníná kì í pariwo. Ewúrẹ́ tó sùn sójú títì kò ní gbọ́ ọ títí táyà yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà kò ní gbọ́. Họ́ọ̀nù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi dọ̀la. Lẹ́tà márùn-ún tó wọlé láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lórí rẹ̀ àti lórí rílè, súwíṣì kékeré tó ń gbé iná fún un, la fẹ́ dáhùn lọ́tẹ̀ yìí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọkọ̀ oníná tòkunbọ̀ la fi ń kó búrẹ́dì láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Àgọ̀-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí mo bá tẹ họ́ọ̀nù, mo ń gbọ́ "tà" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n họ́ọ̀nù kò dún. Réwáyà àdúgbò wa ní rílè ló kú, àmọ́ ó lóun ò ní fọwọ́ kàn án, pé iná inú ọkọ̀ náà ń pa èèyàn. Ṣé òótọ́ ni? Báwo la ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀? (Awakọ̀ búrẹ́dì, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ìdajì ọ̀rọ̀ réwáyà yín jẹ́ òótọ́. Bátìrì ńlá tó ń gbé ọkọ̀ yín rìn sábà máa ń ju fóòtì 300 lọ, irú iná bẹ́ẹ̀ sì ń pa èèyàn. Wáyà tó ń gbé e kiri ni wọ́n fi rọ́bà aláwọ̀ ọsàn bò. Ohunkóhun tó bá ní àwọ̀ ọsàn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má fà á, ẹ má tú u, ẹ má jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ fi irin kàn án. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀nù kò sí lórí iná yẹn rárá. Orí bátìrì kékeré fóòtì 12 ló wà, òun àti iná iwájú, wáípà àti rédíò, bó ṣe rí nínú ọkọ̀ epo. Ẹni tó bá lè pààrọ̀ rílè họ́ọ̀nù nínú ọkọ̀ epo lè ṣe é nínú èyí, tó bá ti mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ tí rílè ń ṣe, kí ohun tí "tà" yẹn ń sọ lè yé yín. Họ́ọ̀nù kan ń fa bíi ámpù 5, méjì tó jọ ń dún lè fa tó 10. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú sítíárìn kò lè ru ẹrù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀ kì í gbé iná lọ bá họ́ọ̀nù. Iná díẹ̀, tí kò ju bíi ámpù 0.15 lọ, ló ń jẹ́ kó gba inú kọ́ìlì rílè (wáyà tí wọ́n ká jọ sínú rẹ̀) kọjá. Kọ́ìlì yóò di òòfà, yóò fa irin kékeré kan, irin náà yóò so ẹsẹ̀ rílè tí wọ́n kọ 30 sí pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ 87, iná ńlá yóò sì gba ibẹ̀ lọ sí họ́ọ̀nù. Ìró irin yẹn ni "tà" tí ẹ ń gbọ́. Tó bá jẹ́ pé rílè họ́ọ̀nù gan-an ló ń dún bẹ́ẹ̀, bọ́tìnì yín ṣì ń ṣiṣẹ́, wáyà inú sítíárìn kò já, kọ́ìlì rílè sì wà láàyè. Ẹ gbé ìka lé e kí ẹnìkan máa tẹ bọ́tìnì, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tó kù tó lè bàjẹ́ ni ojú irin inú rílè (ibi tí 30 àti 87 ti ń pàdé), iná tó yẹ kó dé ẹsẹ̀ 30, wáyà tó lọ sí iwájú, họ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, àti ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (ibi tó ti so mọ́ irin ara ọkọ̀). Bí rílè bá ń ṣe "tà" tí họ́ọ̀nù kò dún, àwa kì í kọ́kọ́ fura sí rílè. Inú àpótí tó ní ìdérí ni rílè ń gbé. Ẹ̀yìn bọ́ńpà ni họ́ọ̀nù wà, níbi tí gbogbo omi kòtò àti ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ti ń fọ́n sí i láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Rílè tó pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń jù nù ni kò ní àrùn kankan.

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, ẹ fi sí P, ẹ fa búréèkì ọwọ́. Bí wáyà ṣájà bá wà lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ rí i pé iná READY kò tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí ọkọ̀ tó wà ní READY kò ní dún, síbẹ̀ yóò gbéra bí ẹnìkan bá ṣèèṣì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Bátìrì kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Tí ọkọ̀ bá wà ní pípa, ó yẹ kó wà láàárín fóòtì 12.4 sí 12.7, tó bá ti wálẹ̀ dé 12.0, òun gan-an lè jẹ́ àrùn, torí họ́ọ̀nù lè yadi lórí bátìrì tó ti rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé rílè ṣì ń ṣe "tà".

Lẹ́yìn náà, fíúsì. Àwòrán ibi tí fíúsì àti rílè kọ̀ọ̀kan wà máa ń wà lẹ́yìn ìdérí àpótí, tàbí nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ má fi ojú lásán wo fíúsì. Ihò tín-ín-rín méjì wà lórí rẹ̀: ẹ fi tẹ́sítà kan ọ̀kan, kí ẹ kan èkejì, kó tan lójú méjèèjì. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí iná kì í dé fíúsì yìí àfi tí a bá tan ọkọ̀ sí ON, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Tí fíúsì bá dára, ẹ fa rílè yọ. Kó gòkè tààrà ni o, ẹ má máa jì í sọ́tùn-ún sósì, nítorí ìyẹn ló ń la ẹnu irin inú ihò, tí rílè tuntun yóò sì wá máa gbọ̀n níbẹ̀. Ẹ wo nọ́ḿbà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rílè kọ 30, 85, 86 àti 87 sára. Ti àwọn ará Japan sábà máa ń kọ 1, 2, 3 àti 5: 1 àti 2 jẹ́ ti kọ́ìlì, 3 àti 5 jẹ́ ti ojú irin. Kí mítà wà lórí fóòtì, kí okùn dúdú rẹ̀ wà lórí nẹ́gétíìfù bátìrì kékeré, kí pupa kan ihò 30. Fóòtì 12 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ fi rílè sílẹ̀, wáyà láti fíúsì lẹ ó tọ̀.

Bí iná bá wà ní 30, ẹ wá wáyà kúkúrú kan tí fíúsì ámpù 15 wà láàárín rẹ̀, kí ẹ fi so ihò 30 mọ́ ihò 87 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí họ́ọ̀nù bá dún ketekete, wáyà iwájú dára, họ́ọ̀nù dára, ẹ́ẹ̀tì dára. Níbi tí "tà" ti wà tẹ́lẹ̀ bíi tiyín yìí, ojú irin rílè ló jó, ẹ lè lọ ra òmíràn. Bí kò bá dún, owó rílè yín ṣì wà lápò. Ẹ lọ sí iwájú, ẹ yọ ẹnu wáyà họ́ọ̀nù, ẹ dá rílè padà sáyè rẹ̀, kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnì kí ẹ wọn ẹnu wáyà náà. Bí fóòtì 12 bá wà níbẹ̀, họ́ọ̀nù tàbí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló kú. Ẹ tú bóòtù tó dè é mọ́ ara ọkọ̀, ẹ ha ìpẹtà ibẹ̀ kúrò títí irin yóò fi máa dán, kí ẹ dè é padà. Ọ̀pọ̀ họ́ọ̀nù ń jí dìde báyìí.

Ọ̀nà kan tún wà láti dá rílè lẹ́jọ́ lórí tábìlì. Láàárín 85 àti 86, mítà gbọ́dọ̀ ka bíi óòmù 60 sí 120. Bí kò bá ka nǹkan kan, kọ́ìlì ti já. Bó bá sún mọ́ 0, ó ti jó pọ̀. Ẹ wá fún kọ́ìlì ní fóòtì 12, kí ẹ fi gílóòbù wáàtì 21, irú ti iná búréèkì, sí ọ̀nà 30 àti 87. Ẹ má gbára lé mítà nìkan fún ojú irin. Ojú irin tó ti jó lè fi 0 han mítà, torí iná tí mítà ń rán kò tó nǹkan. Tí ẹ bá wá di ẹrù lé e, kò ní lè gbé e. Gílóòbù tó bá tàn pupa rẹ́súrẹ́sú ti sọ òótọ́ fún yín.

Nígbà tí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání, yálà Ìjẹ̀bú-Òde lẹ ti fẹ́ rà á ni o tàbí Ladípọ̀ ní Múṣin. Ohun tí ẹ ó fi wéra ni: fóòtì 12 (ti ọkọ̀ àjàgbé jẹ́ 24, wọ́n lè jọra bí ìbejì, kò sì ní fà dáadáa lórí 12), ámpù tí kò kéré sí ti tẹ́lẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ 20, 30 tàbí 40, bí ẹsẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti àwòrán kékeré tó wà lára rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Rílè méjì lè wọ ihò kan náà kó jẹ́ pé 30 àti 86 ti gba ipò ara wọn. Bí àwòrán inú rílè àtijọ́ bá ní rẹ̀sísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dín iná kù) tàbí dáyóòdù (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, kí tuntun náà ní in. Bí kọ́ìlì bá ti ń jọ̀wọ́ iná sílẹ̀, ó máa ń ta iná padà sẹ́yìn, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń pa á kó má baà ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́.

Kí ẹ tó ti tuntun wọlé, ẹ pa ọkọ̀, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà sí i, ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú 5 kí gbogbo kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sùn. Rílè tó ṣeé fi ọwọ́ fà kò sọ ọ́ di dandan kí ẹ yọ bátìrì. Tí ẹ bá fẹ́ ki irin bọ ihò láti fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, ẹ kọ́kọ́ tú nẹ́gétíìfù bátìrì kékeré kúrò. Ẹ tanná wo ihò dáadáa. Bí ike rẹ̀ bá ti di àwọ̀ igi tàbí ó ti yọ́, rílè tuntun níbẹ̀ yóò tún jó, torí ẹnu irin tó ti là ló ń mú ooru wá. Ẹ pààrọ̀ irin ihò náà pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìpẹtà aláwọ̀ ewé lásán ni, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí ojú iná ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kó gbẹ. Kì í ṣe pẹtiróòlù, kì í ṣe sáńpépà. Ẹ ti rílè wọlé títí ìdí rẹ̀ yóò fi jókòó. Ẹ tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí márùn-ún ní kúkúrú-kúkúrú, kí ẹ fọwọ́ kàn án: kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú, kó gbóná jẹni lọ́wọ́ ló burú.

Ìbéèrè: Mo ti ra rílè tuntun, mo sì ti fi sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti tẹ họ́ọ̀nù ni fíúsì ámpù 15 ń jó. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi 30 sí i kó parí. Omi inú ọ̀rá ni mò ń gbé kiri. (Oníbàárà yín, Ṣágámù)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 30 sí i. Wáyà yẹn ni fíúsì ń ṣọ́. Bí fíúsì bá lágbára ju wáyà lọ, wáyà ni yóò di fíúsì, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù yín.

Torí pé lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ rílè ló bẹ̀rẹ̀, rílè tuntun náà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi àwòrán ara rẹ̀ wé ti àtijọ́. Bó bá ní dáyóòdù, 86 ló gbọ́dọ̀ gba pósítíìfù, 85 ló gbọ́dọ̀ gba nẹ́gétíìfù. Bí wọ́n bá yí padà, dáyóòdù yóò ṣílẹ̀kùn fún iná lójijì, fíúsì yóò sì lọ ní wéré bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì. Nínú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí họ́ọ̀nù, kọ̀ǹpútà náà lè bàjẹ́, ìyẹn kì í sì í ṣe owó kékeré.

Bí rílè bá tọ̀nà, ẹ yọ ẹnu wáyà lára họ́ọ̀nù kí ẹ tún tẹ bọ́tìnì. Bí fíúsì kò bá jó mọ́, họ́ọ̀nù ló ti jó nínú, tàbí ẹnìkan ti fi họ́ọ̀nù alágbára ti ọkọ̀ ńlá sí i. A mọ̀ pé àwọn awakọ̀ fẹ́ràn èyí tó ń dún bíi ti bọ́ọ̀sì Benin. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ fún un ní wáyà, fíúsì àti rílè tirẹ̀. Bí fíúsì bá ṣì ń jó láìsí họ́ọ̀nù níbẹ̀, wáyà láàárín rílè àti iwájú ti bó, ó ń kan irin. Ibi tó ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iná iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìbéèrè: Òjò rọ̀ lóru, họ́ọ̀nù ọkọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀, ọkọ̀ kò jí rárá, bẹ́ẹ̀ bátìrì ńlá kún dáadáa nígbà tí a sùn. Gbogbo àdúgbò ló ń bínú sí wa. (Ìyá oníṣòwò oògùn, Ìpẹru-Rẹ́mọ)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà. Bátìrì kékeré ni họ́ọ̀nù jẹ tán. Òun ló ń jí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, òun náà ló ń so súwíṣì bátìrì ńlá pọ̀ kí iná rẹ̀ lè jáde. Bó bá kú, bátìrì ńlá ìbáà kún dẹ́nu, ọkọ̀ kò ní wọ READY. Ẹ fi ṣájà fóòtì 12 gbé e dìde, tàbí kí ẹ fi bátìrì fóòtì 12 mìíràn ràn án lọ́wọ́, pósítíìfù sí pósítíìfù, kí nẹ́gétíìfù wà lára irin ọkọ̀. Bó bá ti wọ READY, iná láti inú bátìrì ńlá yóò máa wọ inú kékeré, ẹ ó rí bíi fóòtì 13 sí 14.5 lórí rẹ̀. Ẹ má fi ọkọ̀ yín ran ọkọ̀ epo ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní tirẹ̀ o. Bátìrì kékeré yìí kò wà fún yíyí ẹ́ńjìnnì.

Kí ẹ tó gbé iná wọ̀ ọ́, ẹ fa rílè họ́ọ̀nù yọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ mi rílè náà, kí ẹ fi mítà kan 30 àti 87 rẹ̀ lórí tábìlì. Bí iná bá ń gba ibẹ̀ kọjá láìsí ohunkóhun lórí kọ́ìlì, ojú irin rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, rílè tuntun ni. Ṣùgbọ́n nítorí òjò tí ẹ mẹ́nu kàn, ẹ ṣí àpótí rílè wò fún omi. Bí omi bá so ihò 85 pọ̀ mọ́ irin ọkọ̀, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń tẹ bọ́tìnì. Rọ́bà etí ìdérí máa ń là. Àwọn ọmọ ibi ìfọkọ̀ sì tún máa ń fi ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára fọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ fún wọn pé aṣọ tútù tó.

Bí àpótí bá gbẹ, tí rílè sì dára, sítíárìn ni ẹ̀bi kù sí. Bọ́tìnì lè há, tàbí kí wáyà pẹlẹbẹ tó ń yí po lẹ́yìn sítíárìn ti bó. Bí bọ́tìnì rédíò orí sítíárìn náà kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí iná airbag tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, wáyà yẹn ni. Ẹ má jẹ́ kí réwáyà tí kò kọ́ iṣẹ́ airbag tú ibẹ̀. Airbag tó bá bú gbàmù lójú ẹni lè fọ́ni lójú.

Ìbéèrè: Mo wá rílè họ́ọ̀nù títí, n kò rí i. Fíúsì nìkan ló wà nínú àpótí ọkọ̀ mi. (Akẹ́rù, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ)

Ìdáhùn: Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, wọ́n ti fi òjé lẹ rílè náà mọ́ bọ́ọ̀dù iná (pákó) inú àpótí, tàbí kó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ara ọkọ̀ ló ń tan họ́ọ̀nù láìní rílè. Kò sí ohun tí ẹ ó fà yọ níbẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kó pàṣẹ kí họ́ọ̀nù dún láti orí ẹ̀rọ. Bó bá dún, sítíárìn ni kí ẹ wò. Bí kò bá dún, tí fíúsì àti họ́ọ̀nù sì dára, pákó ni.

Bí pákó bá ṣì ń rán fóòtì 12 wá sí ẹnu wáyà họ́ọ̀nù, àmọ́ tí kò lágbára láti gbé họ́ọ̀nù, ẹ lè fi rílè ìta ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbé wáyà họ́ọ̀nù àtijọ́ sí 86, 85 sí ẹ́ẹ̀tì, wáyà milimítà oníhà mẹ́rin 2.5 láti pósítíìfù bátìrì kékeré sí 30 pẹ̀lú fíúsì 15 tí kò jìnnà sí bátìrì, kí 87 lọ sí họ́ọ̀nù. Bí pákó kò bá rán nǹkan kan wá mọ́, rílè ìta kò lè wò ó sàn.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ mi ń kùn "hùùù" bí mo bá ń rọra lọ, nítorí náà họ́ọ̀nù rẹ̀ ṣì wà láàyè, àbí? Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ bọ́tìnì, kò dún, kò sì ṣe "tà". (Awakọ̀, Ìkẹ́nnẹ́)

Ìdáhùn: Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Sípíkà ọ̀tọ̀ ló ń kùn bẹ́ẹ̀ láti ki ẹlẹ́sẹ̀ nílọ̀. Òfin Yúróòpù sọ ọ́ di dandan fún irú ọkọ̀ tuntun láti 2019, fún gbogbo ọkọ̀ oníná tuntun láti 2021, ó sì gbọ́dọ̀ máa dún títí dé kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Fíúsì rẹ̀ yàtọ̀, kò sì gba inú rílè họ́ọ̀nù.

Bí kò ti sí "tà", ẹ wo fíúsì, kí ẹ fa rílè yọ, kí okùn mítà méjèèjì wà nínú ihò 85 àti 86, kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnì. Bí mítà bá ka bíi 12, kọ́ìlì rílè ló já. Bí kò bá ka nǹkan kan, sítíárìn tàbí kọ̀ǹpútà ni. Bí rílè mìíràn nínú àpótí kan náà bá ní nọ́ḿbà àti àwòrán kan náà lára, ẹ lè yá a fún ìdánwò ìṣẹ́jú kan. Kó má ṣe jẹ́ ti fáànù tàbí páǹpù tó ń mú bátìrì ńlá tutù, kí ẹ sì dá a padà sí ihò rẹ̀ kí ẹ tó tan ọkọ̀ sí READY.